Kí ẹ tó ra ayọ́kẹ́lẹ́ tòkunbọ̀ ní Ìwó: ohun tó dára lára wọn àti ibi tí wọ́n ti ń náni lówó

Ní ìlú Ìwó, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ti kọjá ọ̀rọ̀ fáàrí. Olùkọ́ tó ń ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Bowen tàbí ní Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ẹ̀kọ́ ti Ìjọba Àpapọ̀, tí ìdílé rẹ̀ ṣì wà ní Ìbàdàn, oníṣòwò tó ń ti Ìbàdàn kó ọjà wá sí Odò-Orí, àgbẹ̀ tó ń kó ẹ̀gẹ́ jáde láti oko, gbogbo wọn ló mọ iye ìgbà tí àwọn ti jókòó sí gáréèjì, tí ọkọ̀ kò kún, tí ilẹ̀ sì ń ṣú lọ. Láti Ìwó sí Ìbàdàn, téèyàn bá gba Lálúpọn, kò ju nǹkan bíi kìlómítà 45 lọ, síbẹ̀ ẹni tí kò ní ọkọ̀ tirẹ̀ lè fi odidi ọjọ́ kan ṣe àlọ àti àbọ̀ rẹ̀.

Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń sapá láti ní ọkọ̀ tiwọn, ó kéré tán, ayọ́kẹ́lẹ́ kékeré kan tí kò ní máa mu epo bí ẹni mu omi. Ọkọ̀ tuntun kò sí nínú ohun tí owó oṣù lè rà mọ́. Tòkunbọ̀ ló kù. Owó tí wọ́n sì ń kó lé e lórí kì í ṣe owó tó kàn wà nílẹ̀ lásán. Owó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni, èyí tí wọ́n á fi ọdún méjì tàbí mẹ́ta san padà. Owó àjọ ni. Nígbà mìíràn, owó ìfẹ̀yìntì ẹni tó ti fi ọdún 35 sin ìjọba ni. Bí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá dákú láàárín oṣù mẹ́ta, gbèsè yóò ṣì wà lọ́rùn ẹni tó rà á, ọkọ̀ yóò sì wà lórí búlọ́ọ̀kù lẹ́yìn ilé.

Ohun tí akọ̀ròyìn yìí rí nínú ọ̀rọ̀ náà kò lọ́jú pọ̀: iye tí alágbàtà bá pe ọkọ̀ kọ́ ni iye tí ọkọ̀ náà jẹ́. Iye rẹ̀ gan-an ni owó tí ẹ fi rà á, àti owó tí yóò jẹ láàárín ọdún àkọ́kọ́ tó bá lò lọ́wọ́ yín. Ọkọ̀ tó ń dán jù ní ibi ìtakọ̀ lónìí lè jẹ́ èyí tí yóò wọ́n jù tó bá fi máa di àmọ́dún. Èyí tí mẹkáníìkì Ìwó mọ tinú tòde, tí ẹ̀yà ara rẹ̀ sì pọ̀ lọ́jà Agodi Gate ní Ìbàdàn, ló sábà máa ń bá olówó rẹ̀ kalẹ́.

Bí tòkunbọ̀ ṣe di tiwa

Orúkọ ènìyàn ni Tòkunbọ̀ tẹ́lẹ̀. Ọmọ tí wọ́n bí sí òkè òkun, tí wọ́n wá gbé wálé, ni Yorùbá ń sọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tó yá ni orúkọ náà ti ara ọmọ bọ́ sára ọkọ̀, fìríìjì, táyà àti gbogbo ohun tí òyìnbó ti lò kó tó di tiwa, débi pé káàkiri Nàìjíríà lónìí, ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá rárá mọ ohun tí tòkunbọ̀ jẹ́.

Kò rí bẹ́ẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1975 ni ilé-iṣẹ́ Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ ní Èkó, ọdún yẹn náà ni ti Peugeot bẹ̀rẹ̀ ní Kàdúná. Láyé ìgbà náà, òṣìṣẹ́ ìjọba tó bá gba ẹ̀yáwó ọkọ̀ lè ra Volkswagen ìjàpá tuntun, kó sì san gbèsè rẹ̀ tán kí ọkọ̀ náà tó gbó. Nígbà tí ìjọba ológun mú ètò SAP wọlé ní 1986 tí owó náírà sì bẹ̀rẹ̀ sí í já wálẹ̀, ọkọ̀ tuntun bọ́ lọ́wọ́ olùkọ́ àti nọ́ọ̀sì. Ìgbà yẹn ni àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí Kútọnu, níbi tí ọkọ̀ àlòkù láti Yúróòpù ti ń sọ̀ kalẹ̀ ní èbúté, wọ́n sì ń wà á gba Sẹ̀mẹ̀ wálé.

Àwa nìkan kọ́ ló ń ra àlòkù o. Àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àyíká lábẹ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé sọ nínú ìwádìí tó gbé jáde lọ́dún 2020 pé mílíọ̀nù 14 ọkọ̀ kékeré àlòkù ni wọ́n kó láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn láàárín 2015 sí 2018, tó sì jẹ́ pé Yúróòpù, Japan àti Amẹ́ríkà ló ń kó wọn síta jù. Apá tó pọ̀ jù lára wọn ló wá sí ilẹ̀ Áfíríkà.

Ohun méjì ló ti yí ọ̀rọ̀ náà padà láti bí ọdún mélòó kan. Èkíní ni pé láti oṣù kìíní ọdún 2017 ni ìjọba àpapọ̀ ti fòfin de kíkó ọkọ̀ wọlé gba ẹnubodè orí ilẹ̀. Èbúté ọkọ̀ ojú omi nìkan ló kù. Ọkọ̀ tó bá gba inú igbó Ṣakí tàbí Ìdìrókò wọlé lẹ́yìn ìgbà náà, ọkọ̀ fàyàwọ́ ni, kò sì sí ọjọ́ tí àwọn aṣọ́bodè kò lè dá a dúró lójú ọ̀nà, nítorí wọ́n ní ẹ̀ka tó ń mójú tó Ọ̀yọ́ àti Ọ̀ṣun. Èkejì ni ọ̀rọ̀ dọ́là. Kí ìjọba tó tú náírà sílẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 2023, dọ́là kan kò ju nǹkan bíi 465 náírà lọ ní iye ti ìjọba. Nígbà tí ọdún 2024 fi máa dé ìdajì, ó ti ń lọ sí bíi 1,500. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀ wò: ọkọ̀ tí wọ́n rà ní 3,000 dọ́là ní Amẹ́ríkà, tó jẹ́ 1,395,000 náírà tẹ́lẹ̀, ti di 4,500,000 náírà, kí a tó sọ̀rọ̀ owó ọkọ̀ ojú omi tó gbé e wá, àti owó àwọn aṣọ́bodè, tí àwọn náà ń fi dọ́là ṣe ìṣirò tiwọn. Ẹni tó bá ń bá alágbàtà jà pé ọkọ̀ yìí kò tó báyìí ní 2019 ń fi àsìkò ṣòfò ni.

Micra: ìyá mẹkáníìkì

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí Nissan Micra, nítorí òun ni ojú mọ̀ jù ní agbègbè wa àti ní Ìbàdàn, níbi tó ti di ọkọ̀ takisí. Èyí tí a ń sọ ni olójú róbótó tí wọ́n ṣe ní Sunderland nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti 1992 sí 2002. Òun ni ọkọ̀ ilẹ̀ Japan àkọ́kọ́ tó gba oyè ọkọ̀ tó dára jù lọ́dún ní Yúróòpù, lọ́dún 1993. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ lítà 1.0 tàbí 1.3, ṣéènì ló sì ń darí inú rẹ̀, kì í ṣe bẹ́líìtì, èyí tó túmọ̀ sí pé kò sí ọjọ́ tí bẹ́líìtì yóò já lójijì tí yóò ba ẹ́ńjìnnì jẹ́.

Àwọn tó ní in máa ń yìn ín lórí ohun mẹ́ta: epo tí kò mu púpọ̀, ẹ̀yà ara tó pọ̀ bí iyanrìn, àti pé kò sí mẹkáníìkì tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ tí kò tíì tú u rí. Tó bá bàjẹ́ ní Lálúpọn lálẹ́, ẹni tí yóò tún un ṣe kò ní jìnnà.

Ṣùgbọ́n àléébù rẹ̀ wà níbẹ̀ gbangba. Èkíní, ó ti dàgbà. Òfin àwọn aṣọ́bodè kò gba ọkọ̀ àlòkù tó ti dàgbà jù láàyè láti wọlé rárá. Nítorí náà, bí alágbàtà bá sọ fún yín lónìí pé Micra olójú róbótó yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti òkun ni, ẹ bi í pé ọ̀nà wo ló gbà. Yálà ó ti wà ní Nàìjíríà tipẹ́, tàbí inú igbó ló gbà. Èkejì, ọ̀pọ̀ nínú èyí tí wọ́n ń tà ti ṣe takisí rí, wọ́n kàn tún un kùn ni. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn, kí ẹ wo igun tí ọ̀dà kì í dé dáadáa, kí ẹ wo inú búùtù lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì. Àwọ̀ takisí àtijọ́ sábà máa ń ṣẹ́ kù síbẹ̀. Ẹ wo rọ́bà tó wà lórí búréèkì àti kìláàṣì náà. Ọkọ̀ tí aago rẹ̀ ní òun kò tíì rìn tó kìlómítà 100,000, tí rọ́bà ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ti jẹ dé irin, irọ́ ni aago náà ń pa.

Ẹ̀kẹta ni ìpẹtà. Àwọn òyìnbó máa ń da iyọ̀ sójú títì nígbà òtútù kí yìnyín má baà mú ọkọ̀ yọ̀, iyọ̀ yìí ló sì ń jẹ abẹ́ ọkọ̀ tó ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Bẹ́ljíọ̀mù wá. Yorùbá kò ya ọkọ̀ ojú omi sọ́tọ̀ kúrò lára ti orí ilẹ̀, ọkọ̀ ni à ń pe méjèèjì, bẹ́ẹ̀ náà ló sì yẹ kí a máa rà wọ́n: ẹni tó fẹ́ ra ọkọ̀ ojú omi àlòkù ní Ẹ̀pẹ́ ní láti wo ìsàlẹ̀ rẹ̀ kó tó wo ọ̀dà ara rẹ̀. Tí ẹ bá lè rí ibi gíga tí wọ́n lè gbé Micra náà sí, ẹ wọ abẹ́ rẹ̀, kí ẹ fi orí ìsọkọ́ kan ilẹ̀ rẹ̀ wò. Irin tó yè máa ń dún, èyí tó ti jẹrà máa ń rọ̀ wọlé.

Ẹ̀kẹrin tún wà, òun ló sì léwu jù. Láti ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972 ni Nàìjíríà ti ń wakọ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún, ọwọ́ òsì sì ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń gbà di òní olónìí. Àwọn kan máa ń ra ọkọ̀ tí ìdarí rẹ̀ wà lápá ọ̀tún nítorí pé ó pọ́ọ́kú, wọ́n á sì gbé ìdarí náà sọ́dá sí apá òsì. Ohun tí wọ́n bá fi iná jó pọ̀ lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, ẹni tó ń wà á ni yóò mọ ọjọ́ tó máa yọ. Bí ojú ibi tí wọ́n gbé ìdarí kúrò bá ní àpá tàbí ike tí kò bá ara mu, ẹ má ṣe rà á, ì báà ṣe ọ̀fẹ́.

Èyí tó ní jíà ọ́tò nínú Micra yìí kò ní ọ̀rẹ́ ní Ìwó. Jíà rẹ̀ yàtọ̀ sí ti ọkọ̀ yòókù, àwọn tó mọ̀ ọ́n tún ṣe kò sì pọ̀. Mánúà ni kí ẹ rà. Ní ti Micra tó tẹ̀lé e, olójú bí ọ̀pọ̀lọ́ tó jáde lọ́dún 2003, inú rẹ̀ tutù ju ti àkọ́kọ́ lọ, àmọ́ ṣéènì ẹ́ńjìnnì rẹ̀ máa ń gùn sí i tí olówó rẹ̀ bá ń fi ọ́ìlì ṣe ahun, tó bá sì ti gùn, kò ní fẹ́ẹ́ jí láàárọ̀ mọ́.

Corolla àti àwọn tó kù

Toyota Corolla ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa rà tí owó wọn bá ká a. Èyí tí a sábà ń rí láti Amẹ́ríkà ni ti 1998 sí 2002, ti 2003 sí 2008, àti èyí tó tẹ̀lé e. Lítà 1.8 ni ẹ́ńjìnnì púpọ̀ nínú wọn, ṣéènì ló ń lò, ẹ̀yà ara rẹ̀ sì wà láti Ladípọ̀ l'Ékòó títí dé ẹ̀gbẹ́ títì ní Ìwó. Matrix tí ń lo ẹ́ńjìnnì kan náà dára fún ẹni tó ń kó ẹrù, nítorí ẹ̀yìn rẹ̀ gbòòrò.

Ẹ̀gún inú rẹ̀ ni pé ẹ́ńjìnnì 1.8 ti 1998 sí 2002 máa ń jẹ ọ́ìlì. Ihò kéékèèké tó yẹ kí ọ́ìlì gbà padà lára písítìnnì ló máa ń dí. Ọkọ̀ lè máa lọ geerege, kí ọ́ìlì inú rẹ̀ sì ti gbẹ láìsí pé ó jò sílẹ̀. Ẹ sọ fún mẹkáníìkì kó dúró sẹ́yìn ọkọ̀ nígbà tí ẹ bá tẹ iná mọ́ ọn lẹ́yìn tó ti dúró díẹ̀: èéfín tó bá ní àwọ̀ búlúù, ọ́ìlì ni. Èéfín funfun tí kò dẹ́kun lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì ti gbóná, omi ló ń wọ inú ẹ́ńjìnnì, gásíkẹ́ẹ̀tì òkè ti bàjẹ́ nìyẹn. Dúdú ni ti epo tó ń pọ̀ jù, ìyẹn kò sì fi bẹ́ẹ̀ burú.

Àléébù Corolla kejì ni iyì rẹ̀. Nítorí pé gbogbo ayé ń wá a, ó wọ́n ju ohun tí ara rẹ̀ jẹ́ lọ, àwọn alágbàtà sì mọ̀ pé èyí tó fi orí sọ lẹ́mẹ̀ẹ̀ta ní Texas ṣì máa tà. Òun náà ni olè fẹ́ràn.

Ní ti Honda Civic 2001 sí 2005, ẹwà rẹ̀ pọ̀, inú rẹ̀ sì tuni lára, àmọ́ jíà ọ́tò rẹ̀, pàápàá ti ọdún méjì àkọ́kọ́, ti sọ ọ̀pọ̀ èèyàn di ẹlẹ́sẹ̀. Bẹ́líìtì ló sì ń lò. Golf 3 àti Golf 4 lágbára, ara wọn le bí òkúta, wọ́n sì dúró dáadáa ní ọ̀nà tó ní kòtò. Ṣùgbọ́n bẹ́líìtì Golf 4 kò ṣeé fi ṣeré, tó bá já, fáàfù yóò tẹ̀, iná inú rẹ̀ sì nílò ríwáyà tó kàwé. Kia Picanto tó jáde láti 2004 kò mu epo rárá, ó dára fún ìyá tó ń gbé ọmọ lọ sílé-ìwé láàárín ìlú, àmọ́ kì í ṣe ọkọ̀ tí ẹ ó kó àgbò márùn-ún sí. Toyota Yaris dára púpọ̀ tó bá jẹ́ mánúà.

Àwọn ọmọ Nàìjíríà sì mọ ọkọ̀ sọ lórúkọ! Camry di Muscle, ó di Spider. Honda Accord di Bullet, ó di Baby Boy, ó di End of Discussion, títí ó fi di Evil Spirit. Orúkọ wọ̀nyí ń gbówó lórí ọkọ̀ gan-an. Alágbàtà tó bá ti pe orúkọ kó tó sọ ọdún tí wọ́n ṣe ọkọ̀, ẹ ṣọ́ ọ.

Ní ti epo, kí ìjọba tó yọ owó ìrànwọ́ kúrò lórí rẹ̀ lọ́jọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, lítà kan kò tó 200 náírà, kò sì sí ẹni tó ń ṣírò. Nígbà tí 2024 fi máa parí, ó ti ń lọ sí bíi 1,000 láwọn ibì kan. Ẹ jẹ́ ká fi 900 náírà ṣe ìṣirò. Àlọ àti àbọ̀ Ìwó sí Ìbàdàn jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 90. Micra onílítà kan yóò mu nǹkan bíi lítà 6, Corolla 1.8 yóò mu nǹkan bíi lítà 7 àtààbọ̀, Camry oníṣílíńdà mẹ́fà yóò sì mu lítà 10 àtààbọ̀ ó kéré tán. Fún ẹni tó ń lọ nígbà 20 lóṣù, Micra yóò gba 108,000 náírà, Corolla 135,000, Camry 189,000. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ti àkọ́kọ́ àti ti ìkẹyìn tó 81,000 náírà lóṣù kan. Ẹni tó ń gba owó oṣù mọ ohun tí ìyẹn jẹ́ nínú ilé.

Tòkunbọ̀ ni àbí èyí tí wọ́n ti lò níbí?

Ìbéèrè yìí kò ní ìdáhùn kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n mo ní èrò tèmi. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé tòkunbọ̀ ló dára jù nítorí pé ojú ọ̀nà òyìnbó ló ti rìn. Òótọ́ ni pé ṣọ́ọ̀kì àti bọ́ọ̀lù jọ́ìǹtì rẹ̀ sábà máa ń le ju ti èyí tó ti jẹ kòtò níbí fún ọdún mẹ́wàá. Àmọ́ òyìnbó kì í ta ọkọ̀ tó dára pátápátá sí ilẹ̀ Áfíríkà ní owó pọ́ọ́kú. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń ti Amẹ́ríkà wá jẹ́ ọkọ̀ tí ilé-iṣẹ́ adójútòfò ti pa rẹ́, yálà nítorí ìjàǹbá tàbí nítorí omíyalé. Lẹ́yìn ìjì líle Katrina ní 2005 àti Sandy ní 2012, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọkọ̀ ló wọ omi, kì í sì í ṣe gbogbo irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń lọ̀ di irin.

Èyí tí wọ́n ti lò ní Nàìjíríà ní ohun kan tí tòkunbọ̀ kò ní: ìtàn rẹ̀ wà nítòsí. Bí ẹ bá ra Corolla lọ́wọ́ olùkọ́ kan tí gbogbo àdúgbò mọ̀, ẹ lè bi mẹkáníìkì rẹ̀ léèrè, ẹ lè béèrè ọjọ́ tó pààrọ̀ ọ́ìlì kẹ́yìn, ìwé rẹ̀ sì ti wà nílẹ̀. Tèmi ni pé, tí owó bá jẹ́ bákan náà, ọkọ̀ tí a mọ olówó rẹ̀ sàn ju tòkunbọ̀ tí a kò mọ ibi tó ti wá lọ. Ẹni tó ń tà á nìkan ni kí ẹ wádìí ìdí tó fi fẹ́ tà á.

Ọjọ́ tí ẹ bá lọ wò ó

Ẹ lọ láàárọ̀, kí ẹ má sì sọ wákàtí tí ẹ máa dé gan-an. Kí ẹ tó kí alágbàtà tán, ẹ gbé ọwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì. Tó bá ti gbóná, wọ́n ti tan án kí ẹ tó dé, ó sì ṣeé ṣe kí ó máa ṣòro láti jí tó bá tutù. Ẹ mú mẹkáníìkì tiyín dání, kì í ṣe èyí tí alágbàtà bá pè láti ẹ̀gbẹ́ kejì títì. Kí ẹ sì san owó iṣẹ́ fún un dáadáa, nítorí mẹkáníìkì tí ẹ kò bá san owó fún, ẹni tó ń ta ọkọ̀ ni yóò san án.

Nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọkọ̀ ní lẹ́tà àti fígọ̀ 17. Ó máa ń wà lábẹ́ gíláàsì iwájú, lára òpó ilẹ̀kùn awakọ̀ àti nínú bọ́nẹ́ẹ̀tì. Gbogbo wọn gbọ́dọ̀ bá ara wọn àti ìwé ọkọ̀ mu. Bí nọ́ńbà náà bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú J, Japan ni wọ́n ti ṣe é. 1, 4 tàbí 5 jẹ́ Amẹ́ríkà, 2 jẹ́ Kánádà, W jẹ́ Jámánì. Lára ọkọ̀ Amẹ́ríkà, ìkẹwàá nínú wọn ló ń sọ ọdún: 3 jẹ́ 2003, 8 jẹ́ 2008, A jẹ́ 2010, B jẹ́ 2011, bẹ́ẹ̀ ló ń lọ. Ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún Yúróòpù kì í sábà tẹ̀lé èyí, ẹ má fi mú alágbàtà lólè tó bá jẹ́ Micra ló ń tà.

Láti mọ ọkọ̀ tó ti wọ omi, ẹ fa bẹ́líìtì ìjókòó jáde títí dé òpin rẹ̀. Ibẹ̀ kì í sí ẹni tó ń rántí fọ̀. Ẹrẹ̀ àti àpá omi yóò ṣì wà níbẹ̀. Ẹ gbé kápẹ́ẹ̀tì sókè, kí ẹ gbóòórùn rẹ̀, kí ẹ wo nọ́ọ̀tì abẹ́ àga bóyá ó ti pẹtà. Láti mọ èyí tó ti ní ìjàǹbá, ẹ wo àlàfo àárín ilẹ̀kùn bóyá ó dọ́gba, kí ẹ sì wo ara rọ́bà fèrèsé bóyá ọ̀dà ta sí i. Ẹ wo táyà pẹ̀lú: fígọ̀ mẹ́rin tó wà lára rẹ̀ ń sọ ọ̀sẹ̀ àti ọdún tí wọ́n ṣe é, 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019.

Lẹ́yìn náà, ẹ wà á fún ogún ìṣẹ́jú ó kéré tán, kí ó gun òkè, kí ó lọ sẹ́yìn, kí ó dúró nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Jíà ọ́tò tó bá ń gbọ̀n kó tó wọlé, tàbí tí ọ́ìlì rẹ̀ dúdú tó sì ń rùn bí ohun tó jóná, ẹ fi í sílẹ̀ fún un.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn alágbàtà kì í fẹ́ẹ́ sọ, ẹ̀mí sì ló dá lé. Tí ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́ láìtíì tan ẹ́ńjìnnì, iná pupa tó ní àwòrán àpò afẹ́fẹ́ ìdáàbòbò gbọ́dọ̀ tàn lórí dáṣíbọ́ọ̀dù, kó sì kú lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan. Tí kò bá kú, ètò náà ti bàjẹ́. Tí kò bá tàn rárá, ẹnì kan ti yọ gílóòbù rẹ̀ kí ẹ má baà mọ̀ pé àpò náà ti bú níbi ìjàǹbá, kò sì sí nǹkan kan nínú rẹ̀ mọ́. Yàtọ̀ sí èyí, àpò afẹ́fẹ́ tí ilé-iṣẹ́ Takata ti ilẹ̀ Japan ṣe ti pa ju èèyàn 20 lọ ní Amẹ́ríkà nìkan, torí pé kẹ́míkà inú rẹ̀ máa ń bàjẹ́ tí ooru àti ọ̀rinrin bá ti bá a fínra fún ọ̀pọ̀ ọdún, tó bá wá bú, irin rẹ̀ á fọ́n sára awakọ̀. Ooru àti ọ̀rinrin, ilẹ̀ wa nìyẹn. Corolla àti Matrix láti 2003 àti Honda Civic láti 2001 wà nínú àwọn tí wọ́n pè padà. Àjọ NHTSA ti ìjọba Amẹ́ríkà gbà kí ẹnikẹ́ni tẹ nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọkọ̀ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì wọn lọ́fẹ̀ẹ́ láti mọ̀ bóyá wọ́n ti pààrọ̀ tirẹ̀. Kò gba ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ.

Ìwé àti owó tí ẹ ó fi sílẹ̀

Fún tòkunbọ̀, ìwé àwọn aṣọ́bodè ni ìyá gbogbo ìwé. Kí ẹ mú un lọ sí ọ́fíìsì wọn tàbí kí ẹ fún ẹni tó mọ̀ ọ́n láti yẹ̀ ẹ́ wò kí owó tó jáde, nítorí ayédèrú pọ̀ nínú rẹ̀, ọkọ̀ tí wọ́n bá sì gbẹ́sẹ̀ lé, ẹni tó wà nínú rẹ̀ ló pàdánù, kì í ṣe ẹni tó tà á. Fún èyí tí wọ́n ti lò níbí, ìwé ẹ̀rí oníǹkan gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ẹni tó dúró níwájú yín gan-an. Tí orúkọ ẹlòmíràn bá wà níbẹ̀, ẹ ní kó pe onítọ̀hún wá. Kí ẹ san owó láti báǹkì sí báǹkì, kí ẹ gba ìwé tó ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọkọ̀ nínú, kí ẹ sì yí orúkọ padà kíákíá, kí ọkọ̀ náà má baà fi orúkọ ẹni tó tà á lu èèyàn, tàbí kí ẹjọ́ tó ti ṣẹ̀ tẹ́lẹ̀ wá di tiyín. Ìṣedúró tó kéré jù lọ lábẹ́ òfin ti di 15,000 náírà fún ọkọ̀ aládàáni láti oṣù kìíní ọdún 2023, nígbà tó jẹ́ 5,000 tẹ́lẹ̀, mílíọ̀nù mẹ́ta náírà ló sì lè san fún ohun ìní ẹni tí ẹ bá gbá. Ẹ ra ojúlówó.

Bí mílíọ̀nù mẹ́rin bá wà lọ́wọ́ yín, ẹ ra ọkọ̀ mílíọ̀nù mẹ́ta àti díẹ̀, kí ẹ fi èyí tó kù pamọ́. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni kí ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, fíltà, omi rédíétọ̀ àti páàdì búréèkì. Tó bá jẹ́ ọkọ̀ tó ń lo bẹ́líìtì, ẹ pààrọ̀ òun náà láìbéèrè ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ kẹ́yìn. Tí mẹkáníìkì bá ní òun fẹ́ gé kátálíìsì lára sáíléńsà nítorí pé ó ń dí ọkọ̀ lọ́wọ́, ẹ mọ̀ pé àwọn kan wà tó ń ra ohun náà lówó gọbọi nítorí irin iyebíye inú rẹ̀. Kó fi sílẹ̀ níbẹ̀.

Ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ tà á náà ń bọ̀. Corolla tí ìwé rẹ̀ pé kì í pẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á. Micra, àwọn onítakisí Ìbàdàn ni yóò bá yín ná an, wọn kò sì ní wo ẹ̀rọ amúlétutù tí ẹ fi sí i, ẹ́ńjìnnì àti ilẹ̀ rẹ̀ ni wọn yóò wò. Golf àti Civic máa ń dúró díẹ̀ kí ẹni tó nífẹ̀ẹ́ irú wọn tó dé, irú ẹni bẹ́ẹ̀ sì sábà máa ń mú mẹkáníìkì tirẹ̀ dání.